Mai Lẹ́nu Púlọ́ọ̀gì

Ìkùukùu ló kún àgbàlá wa ní Kazarman láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ojú odò wá, ó ń rìn jẹ́ẹ́ bí ẹran tó ń wálé. Ó gbé ògiri mì, ó gbé igi ápù mì, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ sórí bóńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àtijọ́ tí Toktosun, àbúrò ìyá mi, ń tún ṣe. Láti ẹnu ọ̀nà, orí Toktosun àti fìlà rẹ̀ nìkan ni mo rí, tó ń léfòó lókè bí orí ẹni tó ń wẹ̀ nínú wàrà.

"Táákè," mo pè é, torí bí a ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni nìyẹn, "ṣé ẹ ti yọ àwọn púlọ́ọ̀gì àtijọ́?"

"Mo ti yọ wọ́n. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí! Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́: kàkà kí ọmọ ọmọbìnrin ilé yà kí wa, kí ìkookò méje máa bọ̀."

"Ìkookò ò mọ ọkọ̀ tún ṣe."

"Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ìkookò ò ṣáà ní sọ fún mi pé òun lọ yunifásítì."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi Sezim wà ní Jalal-Abad, lódìkejì òkè, oyún rẹ̀ sì ti pé. Lọ́dọ̀ wa, kí ọmọ tuntun tó fẹnu kan ọmú, àgbàlagbà kan a fi bọ́tà yíyọ́ kan ètè rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ lè fi adùn ṣí sí ayé. Ìyá-ìyá wa, Uulkan, ló fi kan ètè Sezim, òun ló fi kan tèmi. Sezim ti búra pé ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní kan ẹnu ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ yìnyín ti ń bọ́ lórí òkè. Bí ọ̀nà yẹn bá ti dí, ó di ìgbà ìrúwé kí ọkọ̀ tó tún gba ibẹ̀.

"Ìrúwé ò jìnnà, Màmá," mo ti sọ fún un lánàá.

"Lójú ìwọ ọmọdé," ni ìyá àgbà dá mi lóhùn, ó sì ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ yìí nìkan la ní, ó sì ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin lọ́jà, àwọn ohun kékeré tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Mo tò wọ́n sórí àkísà funfun kan. Wọ́n ń dán nínú ìkùukùu bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Nísàlẹ̀ wọn, ihò mẹ́rin la ẹnu sílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì, ó sì jọ lójú mi pé ọmọ mẹ́rin ló sùn síbẹ̀ tí wọ́n ń retí oúnjẹ.

Toktosun na ọwọ́ sí agolo gírísì.

"Ẹ má fi nǹkan kan pa á, Táákè. Gbígbẹ ni wọ́n ń wọlé."

"Ta ló sọ?"

"Ẹni tó ṣe é. Ó wà lára páálí rẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan dídán bo ara rẹ̀ kó má baà lẹ̀."

"Ṣé ẹni tó ṣe é ti dé Kazarman rí? Gbígbẹ ni mo fi èyí tó kọjá sí. Nígbà tí mo fẹ́ yọ ọ́, ó di ihò mú bí àna tó wá gba owó orí ìyàwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tẹ́ẹ̀dì, ìlà tó yí inú ihò kẹrin ká, jáde. Agolo rè é, fi mai sí i!"

"Tí mai bá wà níbẹ̀, yóò máa yọ̀. Ọwọ́ yín á rò pé kò tíì le, ẹ ó tún yí i kọjá ààlà. Irin ni púlọ́ọ̀gì, alumíníọ̀mù rírọ̀ ni ihò. Ta ni yóò jáwọ́ fún ẹnì kejì? Tí tẹ́ẹ̀dì yẹn bá já lónìí, a ò lọ mọ́."

"Mai ni mo sọ!"

"Gbígbẹ ni!"

"Mai!"

A pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ajá aládùúgbò fi dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ àlọ́ fún mi láti ọjọ́ mẹ́ta: àwọn méjèèjì ló ní ìdí, báwo ni òtítọ́ méjì ṣe fẹ́ wọ ihò kan? Mo fa Toktosun lọ sínú ilé kí n fi páálí hàn án níbi tí iná wà. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní lẹ́tà wọn kéré ju ìwà wọn lọ.

Nígbà tí a jáde, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àwo kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìka kan yí i ká, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti ìdí dé ẹnu, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó ń súre fún un.

"Màmá, kí lẹ fi pa á?"

"Mai. Ṣebí ẹ ń jà nítorí rẹ̀? Ọkùnrin méjì, wọ́n ń lọgun mai, mai, kò sí ẹni tó lè rìn dé ilé ìdáná lọ mú un wá."

Lédè wa, ohun tó bá ti ń yọ̀, mai ni. Gírísì ni, ọ̀rá ni, bọ́tà ni. Bọ́tà ofeefee ni ìyá àgbà mú wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ara wọn sì ń rùn bí oúnjẹ àárọ̀.

Mo mú àkísà. Toktosun di ọwọ́ mi mú.

"O fẹ́ nu ìre ìyá mi nù, kí a tó gun òkè?"

"Táákè, bọ́tà á jóná níbẹ̀. Yóò di èédú, yóò lẹ púlọ́ọ̀gì mọ́ ihò títí ayé. Ẹnu tó ń ta iná gan-an kò ní lè ta á."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Ṣùgbọ́n èmi ò ní nù ún."

Lókè, níbi tí ìkùukùu ti ya díẹ̀, a rí òkè náà. Ó ti funfun dé àyà. Ìyá àgbà ń wò wá látorí ọ̀kan dórí èkejì, inú rẹ̀ ń dùn pé òun bá wa parí ìjà. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, tí ẹ bá fi mai kan ètè ọmọ, ibo ló ń lọ?"

"Ọmọ á lá a. Èwo ni ìbéèrè yìí?"

"Tí ó bá kù lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ á bá a lá a. Ta ló ń fi mai ṣòfò?"

"Púlọ́ọ̀gì ò ní ahọ́n."

Ó wo púlọ́ọ̀gì, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí àwo fi mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ lọ mú búrẹ́dì wá."

Báyìí ni a ṣe jókòó yí ẹ́ńjìnì ká nínú ìkùukùu, tí a ń fi òkèlè búrẹ́dì nu púlọ́ọ̀gì, tí a sì ń jẹ ẹ́. Ìre kan kò bọ́ sílẹ̀.

"Ó dùn ju ti ìyàwó mi lọ," ni Toktosun wí.

"Màá sọ fún un," ni ìyá àgbà wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo fi pẹtiróòlù fọ̀ wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Mẹ́ta wọlé bí ẹni ń wọlé ara rẹ̀. Ihò kẹrin ló kọ̀. Púlọ́ọ̀gì yí díẹ̀, ó dúró. Mo gbọ́ bí èémí Toktosun ṣe dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ agolo, ṣùgbọ́n kò gbé e. Mo fi sípánà sílẹ̀. Mo dijú, mo fi ìka nìkan yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń wá ọ̀rọ̀ tó bọ́ lórí ahọ́n rẹ̀, títí mo fi gbọ́ ọ tó já sínú ipa rẹ̀, ó dún kọ́, ohùn kékeré. Mo wá yí i síwájú. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó jókòó. Mo fi sípánà kún un díẹ̀, títí òrùka pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ fi tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Tó," ni Toktosun wí.

"Ó tó."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra. Lórí òkè, yìnyín ń bọ́ láìdún. Kò sí ojú ọ̀run, kò sí ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń gòkè ni tàbí òkè ló rọra ń sọ̀kalẹ̀ gba abẹ́ wa kọjá. Ẹ́ńjìnì ń kùn, kò wúkọ́ rárá. Ìyá àgbà sùn, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó ń pè é ní àbúrò. Lẹ́yìn wa, ipa táyà ń parẹ́ bí a ti ń kọ ọ́. A kò pàdé ọkọ̀ kankan.

Nígbà tí igi àkọ́kọ́ yọ nísàlẹ̀, fóònù mi jí. Mo pe Sezim. Ó pẹ́ kó tó gbé e, èémí rẹ̀ sì gùn.

"Níbo lẹ dé?"

"A ti rékọjá òkè. Ọmọ ńkọ́?"

"Kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ó ti wà lójú ọ̀nà."

Ìyá àgbà la ojú. Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí.

"Sọ fún un kó rọra máa bọ̀," ló wí. "Àwa náà ń bọ̀."