Ọkọ̀ Àwọn Aláìsàn

“Ọkọ̀ dà?”

Alisae kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ikùn Kuilamu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń ra ilé ọmọ kí ó lè súnkì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ tuntun ti ń ké lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ọnọrébù Gwaobata ti gbé e,” Nọ́ọ̀sì Rubena dáhùn. “Wọ́n fi gba orí omi lọ kó àlejò ìpolongo ìbò.”

“Ọkọ̀ àwọn aláìsàn?”

“Ọmọ mi, ká gba obìnrin yìí là ná. Tó bá yá kí o jà.”

Abẹ́rẹ́ tí í dá ẹ̀jẹ̀ dúró ti bàjẹ́ nínú fíríìjì. Ohun tí wọ́n fi ń gba iná lára oòrùn fún un ti wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù àbúrò Ọnọrébù, ó ń mú bíà tutù.

Ní èbúté ilé ìwòsàn yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n Alisae ti kú sórí ẹní, níbi tí wọ́n ti ń retí ọkọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé dókítà lòun máa dà, ilé lòun sì máa padà sí. Ìlú ta ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ta àgbọn gbígbẹ, kí ó tó rí ọ̀nà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Fíjì. Ọdún kan ló kù kó parí. Ìsinmi ló bá wá sílé tó fi ń ran Rubena lọ́wọ́.

Wọ́n gbé Kuilamu sínú ọkọ̀ àjẹ̀, wọ́n forí lé ọsibítù ńlá ní òdìkejì omi. Ọkọ rẹ̀ ń wà á, Alisae ń tẹ ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò tíì jìnnà tí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ funfun náà ń bọ̀, àlejò olódòdó lọ́rùn kún inú rẹ̀.

Alisae na ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ sókè. “Ẹ dúró! Ẹ gbà wá!”

“Dókítà wa!” Ọnọrébù juwọ́ sí i. “Ẹ rọra máa bọ̀. Ká já àwọn àlejò sílẹ̀, a ó padà wá gbé yín.”

“Ó ń kú lọ, sà!”

“A ò ní pẹ́!”

Ìgbì ọkọ̀ náà da omi lé wọn lára.

“Apààyàn!” Alisae pariwo. “Apààyàn ni yín!”

Kuilamu la ojú díẹ̀. “Ṣé ọmọ ti mu ọmú?”

“Ó ti mu,” Alisae parọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ funfun padà dé, ọkọ Kuilamu ti gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó ń sunkún.

Ọnọrébù kó ìrẹsì wá síbi ìsìnkú. Ọkọ olóògbé fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń dúpẹ́.

“Dìde, ká lọ bẹ Ọnọrébù,” ni Toata, bàbá Alisae, wí.

“Kí ni mo ṣe, Bàbá?”

“O pè é ní apààyàn lójú àlejò. Òun ló ń fọwọ́ sí owó ìjọba fún ilé ìwé rẹ. Tí o ò bá parí, ta ni yóò wá tọ́jú wa?”

Alisae lọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀.

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín. “Ọmọdé ló ń ṣe é. Ọmọ wa ni.” Ó ká apá ẹ̀wù sókè. “Ó yá, Dókítà, bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi.”

Alisae wé aṣọ ìwọ̀n mọ́ ọn lápá, ó fún afẹ́fẹ́ sí i, ó tẹ́tí. Ó tún un wò: ẹ̀jẹ̀ náà ga gan-an.

“Ara yín le, sà,” ó ní. “Ẹ ó pẹ́ láyé.”

“Àmín,” ni bàbá rẹ̀ wí.