A Kì Í Fi Búrékì Sórí Òrùlé

Mujeedat kórìíra àwòkọ bí ológbò ṣe kórìíra omi. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amukoko, bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n ya ilé, àwọn yòókù á ya ilé onífèrèsé méjì àti ilẹ̀kùn kan. Mujeedat á ya ilé tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á ní ilé náà ń sinmi ni. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ó ti fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ṣíṣe, ṣùgbọ́n ilé tó ń sinmi kò tíì kúrò lórí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìkànnì tó ṣe fún gáréèjì tírélà Àlhájà Safurat Ọbalọlá fi rí bó ṣe rí.

Ìdíkọ̀ Coconut, lójú ọ̀nà tí tírélà ń gbà lọ sí èbúté, ni gáréèjì náà wà. Ilẹ̀ ìdílé Ọbalọlá ni, Àlhájà sì fẹ́ràn láti máa sọ pé bàbá bàbá òun ti ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹtínà. Ogójì tírélà ló gbà, kò gba ẹyọ kan lé e. Dírẹ́bà tó bá fẹ́ ààyè gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síwájú Bàbá Ọdẹ́yẹmí, akọ̀wé gáréèjì, tó ti ń kọ nọ́ńbà mọ́tò sínú ìwé gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan fún ọdún méjìlélógún. Ohun tí Àlhájà ń fẹ́ kò le: kí dírẹ́bà wà ní Ìbàdàn kó ti gba ààyè lórí fóònù, kó má baà dé tán kó bá gáréèjì ní kíkún, kó wá lọ fi tírélà dí ojú títì.

Ohun tí Mujeedat ṣe fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá ṣí ìkànnì náà, oòrùn á kọ́kọ́ yọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ, kì í kánjú. Lẹ́yìn rẹ̀, òpópónà kan á nà gbọọrọ, tírélà kékeré kan á dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí bọ́tìnì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààyè ni yóò fi ìka fa tírélà náà lọ títí yóò fi wọ géètì. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọjọ́ ni yóò tẹ oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ yí èrò padà ni yóò tẹ ẹyẹ kan tó ń fò kọjá, bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè bá a.

"Ẹ wò ó, Màámi," ni Mujeedat wí. "Kò sí irú ẹ̀ níbì kankan."

Ìyá rẹ̀ kò wo oòrùn. "Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa to páálí ní ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Ijora. Mo ti dárúkọ rẹ fún wọn. Bí ti Àlhájà yìí kò bá dúró, Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀."

Mujeedat ti wọ ilé yìnyín náà rí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dì, èrò inú orí rẹ̀ pàápàá dì.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Àlhájà gbé àga síta, ó pe dírẹ́bà mẹ́ta láti dán ìkànnì náà wò.

"Òfin kan ṣoṣo ni mo ní," ló wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ là wọ́n lọ́yẹ̀. Bí wọ́n bá wà ní Ìbàdàn, Mujeedat ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn." Ó bu ẹ̀pà kún ọwọ́ ọmọbìnrin náà. "Máa jẹ èyí. Ẹnu tó ń jẹun kì í sọ̀rọ̀."

Bọ̀dá Hameed, tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló kọ́kọ́ jókòó. Ó ṣe bísímílà, ó gba fóònù. Oòrùn yọ. Hameed dúró. Òpópónà nà. Hameed ṣì dúró.

"Mo ń gbọ́ o," ló sọ fún fóònù náà.

Fóònù náà ń retí òun náà. Wọ́n ń wo ara wọn bí àna méjì tí wọ́n gbé oúnjẹ sí láàárín, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ bu òkèlè. Mujeedat ń jẹ ẹ̀pà.

Ó kan Akpevwe. Òun kò ní sùúrù, ó tẹ oòrùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oòrùn wọ̀, gbogbo ojú fóònù ṣókùnkùn kí ìràwọ̀ tó máa fi ọjọ́ hàn tó yọ. Akpevwe kò dúró de ìràwọ̀ kankan. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sún sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"E don die o! Gbogbo yín rí i, mi ò ṣe é ní nǹkankan!"

Fidelis ló ṣẹ́kù, ọmọ Ajégúnlẹ̀ pọ́ńbélé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó fi ìka kan tírélà kékeré náà, tírélà sì gbéra. Ojú Fidelis tàn. Ó fà á wọ géètì. Ó fà á padà. Ó tún fà á wọ géètì. Mujeedat gbàgbé ẹ̀pà ẹnu rẹ̀, ayọ̀ kún inú rẹ̀.

"Sister Mujee, this game sweet o! Mo ti wọlé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá!"

Bàbá Ọdẹ́yẹmí na ọrùn wo kọ̀ǹpútà Mujeedat, níbi tí gbogbo ààyè tí wọ́n bá gbà ti ń hàn. "Ààyè mọ́kànlá ni Fidelis gbà lóòótọ́," ló wí. "Tírélà kan ló ní. Ó dà bíi pé mẹ́wàá tó kù ló fẹ́ fi ṣe yàrá àti pálọ̀."

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Àlhájà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Mujeedat tìfẹ́tìfẹ́, èyí sì burú ju ìbínú lọ.

"Ó lẹ́wà," ló wí. "Bí mo bá fẹ́ àwòrán ara ògiri, ìwọ ni màá pè. Sátidé, aago mẹ́wàá, a óò tún un dán wò. Àwọn mẹ́ta yìí náà ni. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá bèèrè ọ̀nà, ìwé Bàbá la óò máa lò lọ."

Bàbá Ọdẹ́yẹmí pa ìwé rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Mujeedat fẹ́ ibi tí yóò sá sí. Fidelis ń gun tírélà kan lọ láti sún un kúrò lọ́nà fún ẹlòmíràn, Mujeedat bá gùn ún, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún. Fidelis kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ síbi kan, tírélà bú, ó gbéra.

"Bọ̀dá Fidelis, ẹ ti wa èyí rí?"

"Èyí? Lai lai. Ti Tochukwu ni. Àná ló gbé e dé."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ ibi tí búrékì wà?"

Fidelis wò ó bíi pé ó bèèrè ibi tí ẹnu òun wà. "Where e for dey before? Búrékì wà níbi tí búrékì máa ń wà."

"Ṣé ẹni tó ṣe mọ́tò yìí ò lè gbé e síbòmíràn ni? Kó má baà jọ ti ẹlòmíràn."

Fidelis tẹ búrékì ọ̀hún, tírélà dúró kíi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Sister Mujee. Okay. Ẹni yẹn ò fẹ́ kó jọ ti ẹlòmíràn, ó wá gbé búrékì sórí òrùlé. Ó kùn ún ní góòlù. Ó fine. Èmi wá ń sọ̀kalẹ̀ lórí bíríjì Ijora, kọ̀ǹtínà wà lẹ́yìn mi, mo ń na ọwọ́ sókè, mo ń wá búrékì. Who go bury us?"

Mujeedat ń rí Bọ̀dá Hameed níwájú oòrùn, tó ń sọ pé òun ń gbọ́.

"Kí lẹ máa ń lò jù nínú fóònù yín?" ló bèèrè.

"Ti báǹkì. Mo máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyàwó mi ní Warri." Ó yọ fóònù, ó fi hàn án: nọ́ńbà, bọ́tìnì nísàlẹ̀, ó tún wò ó bóyá ó pé, bọ́tìnì nísàlẹ̀, rìsíìtì. Ojú Fidelis wà lójú fèrèsé, ó ń bú ẹnìkan tó fẹ́ kọjá níwájú tírélà, àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, Mujeedat ti jókòó ti Bàbá Ọdẹ́yẹmí láti òwúrọ̀.

"Kí lò ń wá níbí?" ni Bàbá bi í.

"Àwòkọ ni mo ń wá, Bàbá."

Bàbá ò mọ ohun tí yóò fi èyí ṣe, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà mọ́tò ló kọ́kọ́ ń bèèrè, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí wọn yóò dé, lẹ́yìn náà á ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, á ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" kó tó fún wọn ní ìwé pélébé.

"Ẹ kì í bèèrè orúkọ, Bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe? Orúkọ kì í gba ààyè. Tírélà ló ń gba ààyè."

Mujeedat lọ sílé, ó pa oòrùn rẹ́. Ó dùn ún dé eegun. Ó pa òpópónà rẹ́. Ẹyẹ ló fi ṣe ìkẹyìn, ó sì wò ó kó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i kó tó pa òun náà. Ìkànnì tuntun náà funfun bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìbéèrè kan ló wà lójú ewé kan. Bọ́tìnì fífẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò máa ń sinmi sí, a sì kọ "Ẹ tẹ̀síwájú" sí i gàdàgbà. Ọjọ́ wà nínú àpótí bí kàlẹ́ńdà inú gbogbo fóònù ayé. Kó tó parí, ewé kan á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn náà rìsíìtì á jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ààyè. Nígbà tó parí, ó ṣe Mujeedat bí ẹni tí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù fún.

Sátidé pé. Àlhájà jókòó, ó bu ẹ̀pà fún un.

Kí Akpevwe tó jókòó dáadáa, ó ti parí. "Àbí ẹ ti pààrọ̀ fóònù náà ni?" ló bèèrè, ó ń yí i wò. Fidelis ń bá a jiyàn bọ́ọ̀lù lọ nígbà tí òun ń tẹ tirẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá kan Bọ̀dá Hameed. Bísímílà. Nọ́ńbà mọ́tò. Ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Rìsíìtì jáde: ààyè kẹrìnlá.

Hameed kò dìde.

"Hameed, ó ti tán?" ni Àlhájà bèèrè.

"Kò tíì tán, Àlhájà."

Hameed padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe láìṣìṣe. Ààyè kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó wò ó, ó mi orí, ó tún un ṣe. Ààyè kẹrìndínlógún. Ẹ̀pà há Mujeedat lọ́fun. Ó ti ń gbọ́ òórùn ẹja yìnyín.

"Kí lò ń retí gan-an?" ni Àlhájà wí.

"Bàbá ni mo ń retí," ni Hameed dáhùn. "Wọn ò tíì pariwo mi."

Ọ̀rọ̀ náà ba Mujeedat bí òkò. Bí Bàbá Ọdẹ́yẹmí bá kọ nọ́ńbà tán, á gbé orí sókè, á kígbe kí ẹni tó wà ní géètì lè gbọ́: "Ó ti wọlé o! Mẹ́rìnlá!" Mujeedat jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdeè, ó gbọ́ ọ tó ìgbà ọgbọ̀n, ó rò pé ariwo àgbàlagbà lásán ni. Ṣùgbọ́n ní gáréèjì yẹn, ààyè tí wọn ò bá pariwo kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ìwé wí.

"Akpevwe àti Fidelis ńkọ́?" ni Àlhájà wí. "Ṣebí àwọn ti gba tiwọn."

"Àwa náà ṣì dúró, Mà," ni Fidelis wí. "We think say Baba go shout am join together."

Lóòótọ́, kò sí èyí tó kúrò níbẹ̀ nínú wọn.

Àlhájà yíjú sí Mujeedat. Mujeedat gbé ẹ̀pà mì, ó kúnlẹ̀. "Àlhájà, wọn ò bèèrè ọ̀nà. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò mọ̀ pé àwọn ti dé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

"Ààbọ̀ wákàtí."

Ó di ọ̀dọ̀ Bàbá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pariwo."

"Sí ta?"

"Sínú fóònù, sà."

Bàbá Ọdẹ́yẹmí gbé ọwọ́ lé ìwé rẹ̀. "Kí o wá fi ohùn mi lé mi kúrò níṣẹ́?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà rí i. Rìsíìtì mẹ́ta jáde fún Bọ̀dá Hameed, wọn ò ka ọ̀kankan sí. Láìsí yín, kò sẹ́ni tó wọlé."

"Ta ló fẹ́ lé yín?" ni Àlhájà dá sí i. "Bí wọ́n bá gba ààyè láti Ìbàdàn, ta ni yóò yẹ nọ́ńbà mọ́tò wò bí wọ́n bá dé? Àwọn tí wọ́n lè purọ́ báyìí! Ẹ pariwo jàre."

Bàbá mu omi. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, bíi pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Fèrè tírélà kan ba igbe àkọ́kọ́ jẹ́, Bàbá sì bú dírẹ́bà náà, ìyẹn náà wọ inú fóònù. Nígbà tó yá ó rí i ṣe: "Ó ti wọlé o!" Ó wá ku oókan dé ogójì. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọba. Nígbà tó dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ti ń há, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n sinmi.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí àkókò pé, Mujeedat pa ààyè mẹ́ta tí Hameed ti gbà rẹ́, ó gbé fóònù fún un, ẹ̀pà sì ti wà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà mọ́tò. Ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó TI WỌLÉ O! MẸ́RÌNLÁ!"

"Mẹ́rìnlá!" ni ọkùnrin géètì dáhùn láti òkèèrè, kò tilẹ̀ yíjú.

Bọ̀dá Hameed dìde lójú ẹsẹ̀. "Àlhàmùdùlíláì," ló wí. Ó dá fóònù padà, ó lọ wá tírélà rẹ̀. Akpevwe àti Fidelis du fóònù náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí fóònù fi pariwo tiwọn náà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àlhájà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Mọ́ńdè, aago méje," ló sọ fún Mujeedat. "Ibí ni mò ń wí o, kì í ṣe Ijora. Ìyá rẹ ti ròyìn fún mi."

Mujeedat kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó fi ń dúpẹ́ nígbà tí ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká. Bàbá Ọdẹ́yẹmí ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Àlhájà má baà gbọ́, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá.

"Mẹ́rìndínlógójì yẹn," ló wí, "mo fẹ́ tún un pè. Ohùn mi níbẹ̀ dà bí ti ẹni tí ebi ń pa. Tí ó bá lọ ṣẹlẹ̀ pé Gọ́fánọ̀ ló gba mẹ́rìndínlógójì ńkọ́?"