Kọ̀ǹpútà Tí Kò Gbọdọ̀ Mọ Ọdún Tí A Wà

Kọ̀ǹpútà kan wà ní igun ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, tí kò gbọdọ̀ mọ ọdún tí a wà. Bó bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ dúró.

Ó ti darúgbó. Ètò tó ń darí rẹ̀ ti pẹ́ débi pé àwọn tó ṣe é kò bójú wò ó mọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni búráúsà tí wọ́n fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún kékeré kan wà lára búráúsà náà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo lókè. Bí o bá ṣí àwòrán, tí o tẹ bọ́tìnnì yìí, á sọ àwòrán náà di ètò ojú rírán tí abẹ́rẹ́ máa tẹ̀ lé. O gbé e sínú fúláàṣì, o fi í sínú ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ á sì fi òwú ya àwòrán náà sára aṣọ.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe àfikún náà ti kógbá wọlé, àṣẹ tí wọ́n fún un láti máa ṣiṣẹ́ sì ní ọjọ́ tó máa parí. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, búráúsà lé e jáde. Àkọ́bí ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dá ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà padà sí ọdún tí àṣẹ ṣì wà, àfikún bá padà wálé bí ẹni tí kò lọ síbì kan. Láti ìgbà náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń sọ fún ẹni tó bá sún mọ́ igun yẹn, òun ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: Má-fọwọ́-kàn-án. Ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, a kì í sọ ọ́ nù torí pé ó hu ewú.

Tuntun ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Kò sí ohun tó jáde láàárọ̀ tí Tuntun kò ní fẹ́ rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ti gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, pẹlẹbẹ bí tíréè, ó gbé e ka orí tábìlì tó dojú kọ igun yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fẹ̀yìn bàbá yìí tì, ká bu ọlá fún un."

"Ọmọ ọwọ́ tìẹ yẹn ńkọ́? Ó ti ń jókòó?"

Ojú ìyá wọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, ó sì fẹ́ sinmi. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn wá béèrè fún báàjì tí wọ́n máa rán sáyà aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì: lékeléke tó na ìyẹ́ apá. Ìyá pe àwọn ọmọ méjèèjì.

"Ẹni tó bá rán ẹyẹ yìí tó wu mátírọ́ọ̀nù ni yóò jókòó sórí àga mi. Ẹnìkejì á máa gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀."

Oorun kò kun Má-fọwọ́-kàn-án mọ́. Kó máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ọmọ tí òun fẹ̀yìn pọ̀n?

Tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ rán jáde bíi bàtà tí ajá jẹ. Ó tún un rán. Ẹsẹ̀ kejì bàtà ló jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mátírọ́ọ̀nù ń bọ̀, Má-fọwọ́-kàn-án jáde lọ ra òwú funfun sí i. Kò tíì dé ìta tán tí Tuntun fi yọ́ dé igun. Ó ṣí àwòrán, ó tẹ bọ́tìnnì, ó kó o sínú fúláàṣì. Ẹ̀rọ rán lékeléke kan tó dà bíi pé ó máa fò. Ó wá rò ó pé ẹ̀gbọ́n òun lè rán irú rẹ̀, ó sì tún ọjọ́ inú kọ̀ǹpútà náà ṣe, ó fi í sí ọdún tí a wà gan-an. Àfikún pòórá. Olè ọlọ́gbọ́n ni, ó wọlé tán, ó tilẹ̀kùn mọ́ onílé síta.

Bí Má-fọwọ́-kàn-án ṣe dé, igun kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ wò. Ọdún yìí ló ń wò ó padà. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, tó ń súfèé.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ ni mo gbá."

Ẹni tí kò mọ ibi tí ìgbálẹ̀ ń gbé! Àyè ṣì wà láti dá ọdún padà, kó rán ẹyẹ tirẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan bí ìyàwó tuntun.

Mátírọ́ọ̀nù dé. Tuntun tẹ́ ẹyẹ síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ìgbàlódé ló ṣe é, mà. Ìyẹn tó wà ní igun yẹn ti kú."

"Ẹyẹ yìí mà wù mí o," ni mátírọ́ọ̀nù wí. Ìyá ti fọwọ́ ti orúnkún, ó ń dìde lórí àga.

"Mà," ni Má-fọwọ́-kàn-án sọ wẹ́rẹ́, "ṣé ẹyẹ yín ò ní gbé nǹkan kan lẹ́nu ni? Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, fìtílà ló yẹ ẹ́."

Mátírọ́ọ̀nù pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ lo sọ! Ẹ fi fìtílà sí i lẹ́nu. Mo ń dúró."

Òógùn bo Tuntun. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà tuntun, gbogbo wọn sì ń wò ó. Ohun tó jáde ni bàtà tó gbé ìkòkò.

"Ṣé ẹ̀rọ tó rán ti àkọ́kọ́ nìyí?" ni ìyá béèrè.

Ọ̀nà kan ló kù fún Tuntun, ọ̀nà náà sì gba àárín yàrá kọjá. Ó rìn ín bí ẹni tó ń lọ gba ẹgba. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ní ó ti kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọdún padà lójú ìyá rẹ̀. Àfikún kò yọjú.

"Sún un sẹ́yìn sí i," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Sí i. Ìwọ náà ò tíì hu irùngbọ̀n nígbà yẹn."

Bọ́tìnnì yọ lókè. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rán ẹyẹ, fìtílà sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àgbà. "Ìwọ, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo wọlé, mà."

"O sì jẹ́ kí oníbàárà jókòó, kí òwú ṣòfò?" Ó pòṣé. "Ìwọ lo ni àga, torí ẹni tó bá mọ ìdí nǹkan ló yẹ kó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n wàá kọ́ àbúrò rẹ ní gbogbo ẹ̀. Ìwọ Tuntun, kí bàbá yìí tó mí èémí ìkẹyìn, ọmọ ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí bàtà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wa la máa jókòó lásán."

Má-fọwọ́-kàn-án bọ́ sórí àga, ó na ara dáadáa, ó fi ìka pe àbúrò rẹ̀ sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọdún wo la wà yìí?"

Tuntun wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọdún tó bá wù yín ni, ẹ̀gbọ́n mi."