Ọkọ̀ Tí Kò Ní Fèrèsé

"Ti ilẹ̀kùn yẹn," ni Rájí wí láti inú ẹ̀yìn ọkọ̀. "Tì í dáadáa, kó o wò ó bóyá o lè rí mi."

Sàwúdátù ti ilẹ̀kùn. Kò rí ọkọ rẹ̀ mọ́. Láńdíróbà náà kò ní fèrèsé kankan lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Páànù ni wọ́n fi bò ó yípo bí àpótí. Oòrùn ọ̀sán Bàrígà ń jó lórí òrùlé rẹ̀. Nígbà tí Rájí fi máa jáde, òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín.

"Èyí ló dáa," ó wí.

Japhet, alágbàtà ọkọ̀ tó ni ọgbà tí wọ́n wà, wo Rájí, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín sòótọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa gbé èèyàn lọ sínú igbó, kí wọ́n máa sùn sínú ọkọ̀. Ta ló fẹ́ sùn sínú ààrò? Ẹ wo eléyìí." Ó na ọwọ́ sí Láńdíróbà gígùn kan tó ní gíláàsì yípo. "Èèyàn méjì á nà gbalaja síbẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn, wọ́n á máa wo ẹranko láti orí ibùsùn. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, ẹ mú ẹlẹ́yìn tapólì tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ á ká aṣọ ẹ̀ sókè bí ooru bá mú. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ dì mú yìí, ẹrù ni wọ́n fi ń kó. Kì í ṣe èèyàn."

"Èyí ni mo fẹ́," ni Rájí tún wí.

Ọ̀rọ̀ náà ya Sàwúdátù lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba káàkiri inú igbó títí dé etí aṣálẹ̀, tí wọ́n ń pàgọ́ síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ooru Òkè Ọya kì í ṣẹgbẹ́ ooru Èkó, pé ẹni tó bá sùn sínú ọkọ̀ tó pa dé níbẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n á bá láàárọ̀. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí wọ́n ń já òṣìṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń gbọn igi ìyeyè, Rájí wà lára àwọn tó bọ́. Ó ní òun á ra ọkọ̀ tó lè wọ igbó, òun á máa gbé òyìnbó àtàwọn olùkọ́ yunifásítì lọ wo ẹranko. Sàwúdátù fara mọ́ ọn. Kódà, ó ti ta ẹ̀gbà wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kún owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀ náà. Ó wá yẹ kó mọ ìdí tí ẹni tó gbọ́n fi ń ra ààrò.

Bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé wọn ní Ṣómólú, ó bi í. "Bàbá Níní, ta lẹ fẹ́ gbé sínú ọkọ̀ yẹn?"

"Àwọn oníbàárà ni."

"Oníbàárà wo ni ò fẹ́ kí wọ́n rí òun?"

"Ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù," ni Rájí wí. "Ṣé o rò pé inú kíláàsì ẹ lo wà ni?"

Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ kì í jẹ́ kí àgbà sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni Sàwúdátù ti ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá ti se oúnjẹ alẹ́ tán, Rájí á bù nínú ẹ̀ sínú kúlà, á ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan tí ara ẹ̀ ò yá létí ọ̀sà Bàrígà. Bí kúlà náà bá sì padà dé, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Rájí tí òun fẹ́, kì í fọ abọ́. Aláìsàn kì í dìde fọ abọ́. Obìnrin ló ń fọ̀ ọ́! Lẹ́yìn náà ló tún bá tìmùtìmù tuntun kan nídìí ògiri yàrá wọn, tóóró, tí kò lè gbà ju ẹnì kan lọ.

Ì bá sọ ọ́ fún Àbdùlláhì, àbúrò rẹ̀ tó ni ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Bajulaiye. Kò sí ohun tó ń pa mọ́ fún un. Àmọ́ Àbdùlláhì ti lọ sí Kútọnu lọ wá bébà tí owó rẹ̀ fúyẹ́. Rájí ló jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn ọlọ́pàá inú pàápàá ti wá béèrè Àbdùlláhì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Sàwúdátù ti ń kọ́ni l'Ọ́báníkòró, ohun tó sì sọ fún wọn náà nìyẹn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ owó orí ló gbé wọn wá.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dá lọ sí ọgbà Japhet.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀," ni Japhet kí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó fà á lọ sẹ́yìn Láńdíróbà onípáànù. "Ẹ̀gbọ́n ní kí wẹ́dà wa fi ìkọ́ sí ilẹ̀kùn yìí. Láti inú o! Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ ti ara ẹ̀ mọ́ ibẹ̀? Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ma. Bó bá jẹ́ pé nǹkan tí ò dáa ni wọ́n fẹ́ fi kó, ẹ ní kí wọ́n jìnnà sí mi. Mi ò fẹ́ kí sójà wá kan ilẹ̀kùn mi."

Sàwúdátù rò ó síwá sẹ́yìn. Obìnrin tó ń bá ọkọ ọlọ́kọ lọ, ìjókòó iwájú ló ń fẹ́. Èwo ni yóò gbà kí wọ́n tì í mọ́ inú páànù? Ó rántí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n máa ń sọ pé wọ́n ń kó kọjá ẹnubodè lọ tà. Ó yára gba ọ̀nà ilé.

Ó bá Rájí nínú yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

"Bàbá Níní, ta ló fẹ́ lo ìkọ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi sínú ọkọ̀ yẹn? Bí ẹ bá parọ́ fún mi, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni mò ń lọ báyìí."

Rájí fò dìde. "Má pariwo!" Ó yára ti fèrèsé. Ó yíjú padà sí i. "Àbdùlláhì ni."

"Àbdùlláhì wo?"

"Àbúrò ẹ. Kò lọ sí Kútọnu. Inú ilé apẹja kan ló wà létí ọ̀sà. Òun ló tẹ ìwé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín káàkiri nígbà ìwọ́de Sáàpù. Wọ́n ti mú ẹni tí wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e sí títí dòní. Mo fẹ́ gbé Àbdùlláhì sọdá sí ilẹ̀ Nìjẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀nà inú igbó. A ò ní sùn nílùú kankan, inú ọkọ̀ la ó máa sùn."

Sàwúdátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àbúrò mi tí mo pọ̀n! Ẹ wá ń wò mí níran, tí mò ń ṣàdúrà kó ti Kútọnu bọ̀ láyọ̀."

"Nígbà táwọn ọlọ́pàá inú wá bá ẹ, kí nìdí tí wọ́n fi gbà ẹ́ gbọ́?" Rájí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Torí pé ìwọ náà gbà á gbọ́ ni. Sàwúdá, o ò mọ irọ́ pa. Ojú ẹ ló máa ń tú ẹ fó."

Sàwúdátù mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ má ra ọkọ̀ yẹn."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá?"

"Mo gbọ́. Èmi tí mò ń sùn tì yín, ọkọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fura sí yín. Japhet tó ń tà á gan-an ti fura. Ṣé sójà tó jẹ́ pé ìfura niṣẹ́ ẹ̀ ni ò wá ní sọ pé kẹ́ ẹ ṣí i? Bí wọ́n bá sì bá èèyàn tó ti ara ẹ̀ mọ́ inú àpótí, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

Rájí dìde, ó jókòó sétí ibùsùn.

"Èyí tó ní gíláàsì ni kẹ́ ẹ rà," ni Sàwúdátù wí. "Ẹ kó ìkòkò, ẹní àti sítóòfù sẹ́yìn ẹ̀, kí gbogbo ayé máa rí i. Kí Àbdùlláhì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ ní ẹ̀ ń lọ pàdé òyìnbó nínú igbó ẹranko, òun sì ni alásè yín."

"Alásè! Àbúrò ẹ ò lè din ẹyin."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n lè dán an wò."

"Mo mọ̀, Bàbá Níní."

Rájí tẹjú mọ́ ọn. "Ojú ẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá tún wá bá ẹ nílé ìwé, kí lo fẹ́ ṣe?"

Sàwúdátù ò tíì mọ̀. Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀. Ó ṣa ẹyin mélòó kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi àlùbọ́sà àti ìgò òróró tì í, ó dì í sínú aṣọ kó má baà fọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa ń sọ pé ara ọ̀rẹ́ yín kan ò yá," ó wí. "Ẹ ṣíwájú, ká lọ kí i."