Wọ́n Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ogun Ń Bọ̀ Wá Bá

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá àjọ wa ṣiṣẹ́ rí.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n gbọ́ ogun kó tó dé. Àwọn orílẹ̀-èdè ìhà ibí ló para pọ̀ dá àjọ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi èmi Akuwam sí ọ́fíìsì wọn nílùú Lodwar kí n máa ṣọ́ ààlà àwa Turkana, darandaran pẹ̀tẹ́lẹ̀, àti àwọn Pokot, darandaran orí òkè. Ta ló ṣàdédé kó ẹran kúrò nídìí odò? Àwọn obìnrin ibo ni kò wá sọ́jà mọ́? Abúlé wo ni àwọn àgbà ti pa ewúrẹ́, tí wọ́n fi amọ̀ kun àyà àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí wọ́n sì súre fún wọn? Tí wọ́n bá ti súre yẹn, ogun ti bọ́ sọ́nà. Màá kó gbogbo rẹ̀ jọ, màá rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, màá wá fi àwọ̀ kan ránṣẹ́ sí olú ọ́fíìsì. Àwọ̀ ewé, àlàáfíà ni. Àwọ̀ ìyeyè, ẹ máa ṣọ́ra. Pupa, ẹ dìde. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe é. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n dìde.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Cheposait gbé agbè oyin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níwájú mi, kò kí mi dáadáa, kò sì polówó. Pokot ni Cheposait. Wọ́ọ̀dù kan náà la ti bímọ nílé ìwòsàn àwọn ìjọ Àgùdà. Ọyàn mi kò sun wàrà, òun ló gbé ọmọ mi mọ́ra tó fún un lọ́yàn pẹ̀lú tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè é ní ìyá ọmọ mi, òun náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, jókòó," ó wí. "Wọ́n ti súre fún àwọn ọmọ wa."

"Àwọn ọmọ wo?"

"Èwo tún ni àwọn ọmọ wo? Àwọn ọmọkùnrin òkè lọ́hùn-ún. Nasiger ni wọ́n ń bọ̀, tí oṣù yìí bá ti wọ̀ọ̀kùn, tí òru ṣú dùdù."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àbúrò ọkọ mi wà nínú wọn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ ìyẹ̀fun tí wọ́n fẹ́ gbé dání. Àbí kí n tún ya fọ́tò rẹ̀ wá fún ẹ?"

 Nasiger ni ẹ̀gbọ́n mi Lopeyok ń gbé, òun, àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọmọ, ìyá wa, àti gbogbo ẹran ilé wa.

"Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?" mo bi í.

"Tí wọ́n bá pa yín tán, ta ni màá máa ta oyin fún? Lọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ sí, jàre."

Mo ṣe é. Mo fi pupa ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ kedere: ẹ rán ọlọ́pàá lọ dí àfonífojì tí wọ́n máa gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹ kó àwọn àgbà ìhà méjèèjì jọ kí wọ́n sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí Nasiger tètè sún lọ sétí adágún. Mo parí rẹ̀, mo pe Lopeyok.

"Etí Ìjọba!" Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn. "Ṣé kò sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kó ẹran, ẹ máa lọ sétí adágún lónìí. Ogun ń bọ̀."

"O ti kọ ọ́ sí wọn?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Pupa?"

"Pupa ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni mo wá ń sá fún? Koríko wà níbí. Kí ló wà létí adágún yàtọ̀ sí iyanrìn? Àbúrò mi ti sọ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí èmi wá máa kó ẹran sá kiri? Àwọn ará ibí á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ìwé ni mo fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọmọ ogun."

"Fọkàn balẹ̀. Tí ìjọba bá pẹ́, ìbọn wa á kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀."

Kí ni mo fẹ́ ṣe fún un? Màlúù ni ọkùnrin yìí ń tà tí mo fi kàwé, gbogbo ìdílé ló ń pè é ní wèrè nígbà náà pé ta ló ń ta màlúù nítorí ọmọbìnrin. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jókòó sábẹ́ igi, èmi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ mi gbọ́ bíi tirẹ̀ láyé yìí, èmi gan-an alára kò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Ọ̀gá Tewolde pè mí láti olú ọ́fíìsì. Ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan.

"Akuwam! O kú iṣẹ́! Ìjọba ti dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá àjọ yìí sílẹ̀, wọn ò yára tó báyìí rí. Àwọn ọmọ ogun ti wà ní Nasiger, wọ́n ti ń gba ìbọn."

"Ìbọn ta, sà?"

"Ti àwọn ará Nasiger."

Mo rò pé etí mi ló ń dún. "Ọ̀gá, Nasiger ni wọ́n fẹ́ wá kógun bá!"

"Ibẹ̀ náà ni ìkìlọ̀ rẹ dárúkọ. Ibi tí kò bá ti sí ìbọn, ìjà ò lè ṣẹlẹ̀."

"Àwọn tó ń bọ̀ wá jà ńkọ́?"

"Orí òkè ni wọ́n wà, Akuwam, o mọ̀ pé ọkọ̀ ò lè débẹ̀. Tí òjò bá dá, ó máa kàn wọ́n."

Ẹ gbà mí! Nítorí pé títì dé ọ̀dọ̀ wa, àwa ni wọ́n wá gba ìbọn lọ́wọ́ wa. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Nasiger.

Mo bá Lopeyok lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ìbọn tí kì í kúrò léjìká rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Àwọn ọmọ ogun ti kó gbogbo ẹran abúlé sínú ọgbà ẹ̀gún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wọn. Koríko tó wà níbẹ̀ kò tó ewúrẹ́ mẹ́wàá jẹ.

"Wọ́n ní àwọn á máa ṣọ́ wa," Lopeyok wí. Kò wo ojú mi.

Ìyá wa tutọ́ tábà sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣọ́ wa ló pa àgùntàn mi jẹ lánàá. Wọn ò tilẹ̀ bu omi ọbẹ̀ fún mi."

Mo lọ bá ọ̀gá àwọn ọmọ ogun náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku, èmi tí mò ń wọ bàtà aláwọ lọ́ọ́fíìsì, pé kó jẹ́ kí wọ́n kó ẹran lọ sétí adágún.

"Màdámù, ẹ dìde," ó wí. "Àṣẹ ni àṣẹ. Ẹran tó bá jáde, ẹran olè la máa pè é."

Nígbà tí mò ń padà lọ, Lopeyok sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ó ní kí n má bínú sí ọ̀gá mi, pé iṣẹ́ ńlá máa ń ní àṣìṣe kéékèèké. Inú bí mi débi pé n kò dágbére fún un dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá burú sí nìyí. Àwọn mínísítà gbọ́ pé ìkìlọ̀ kan ti ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Lodwar wá wò ó. Ọ̀gá Tewolde ní èmi ni màá sọ̀rọ̀. Ta ni yóò dúró sójú ọ̀nà láti ṣọ́ àwọn mínísítà? Àwọn ọmọ ogun Nasiger.

"Ọ̀gá, oṣù ti wọ̀ọ̀kùn!" Mo pariwo débi pé akọ̀wé wa sá wọlé. "Ẹ ti gba ìbọn wọn, ẹ ti há ẹran wọn mọ́, ẹ tún fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀?"

"Ọjọ́ méjì péré ni. Wọ́n á padà. Akuwam, jọ̀ọ́, má ba nǹkan jẹ́ fún wa."

Mo pe Lopeyok. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi jiyàn. Bí àwọn ọmọ ogun ṣe gun ọkọ̀ wọn báyìí ló já ọgbà ẹ̀gún, tí gbogbo Nasiger sì kọrí sétí adágún. Àmọ́ ebi ti gba okun lára ẹran. Wọn ò lè rìn. Àwọn akọ ràkúnmí pàápàá ń kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Lopeyok ní kí àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n máa lọ níwájú, òun àti àwọn ọkùnrin dúró ti ẹran pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Orí pápá gbalasa ni ilẹ̀ ti mọ́ bá wọn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin òkè tó fi amọ̀ kun àyà ti bá wọn.

Mo wà lórí pèpéle nínú gbọ̀ngàn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kékeré pè. Mo gbé e. Ó yẹ kí n máa sọ̀rọ̀ lórí Nasiger nígbà náà.

"Àǹtí, wọ́n ti pa á," ó wí. "Wọ́n pa gbogbo wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú makirofóònù. Mo ní, "Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀."  Mínísítà kan dìde, ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan fún àwọn olóògbé. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀.

Tewolde bá mi níta níbi tí mo ti ń sunkún. Ó fọwọ́ lé mi léjìká. "Akuwam, pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ wò ó, ibi tó o sọ náà ni, àsìkò tó o sọ náà ni. A lè fi ìyẹn han àwọn tó ń fún wa lówó." Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Tí mo bá ní òkúta lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá wà báyìí.

Létí adágún ni a ti ṣọ̀fọ̀. Ìyá wa kò sunkún lójú mi. Àmọ́ ní ọjọ́ kan, mo rí i tó ń po amọ̀ nínú igbá, mo sì rí àwọn ọmọkùnrin Lopeyok àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó yí i ká, wọ́n ti bọ́ aṣọ kúrò láyà. Àwọn àgbà ti pa ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́ fún mi. Ọlọ́fọ̀ kúkú ni èmi náà.

"Akuwam," ìyá wa wí, "ìwọ lo mọ ibi tí àwọn ará òkè ń so ẹran wọn mọ́. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ."

Mo mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Mo fẹ́ sọ ọ́, ó ti dé ètè mi. Mo ní n kò mọ̀. Ìyá wa wò mí títí, ó yí ojú kúrò. Ó ní kò burú, àwọn ọmọ á fi ẹsẹ̀ wọn wá a.

Mo padà sí Lodwar, mo jókòó sídìí iṣẹ́ mi, mo fi àwọ̀ ewé ránṣẹ́ sí olú ọ́fíìsì. Tewolde fèsì kíá: "Ṣé o rí i? Ìbọn tí wọ́n gbà ti ń so èso." Mo ṣépè fún un dáadáa, mo wá pe Cheposait. Mo mọ̀ pé tí ilé wa bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò ní ní ilé mọ́.

"Ìyá ọmọ mi, àwọn ọmọ wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

 Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ọ́fíìsì yín ti gbọ́?" ó bi mí.

"Wọn ò gbọ́. Wọn ò ní gbọ́ débi tí wọ́n máa wá há ẹran yín mọ́."

"Búra fún mi."

"Mo fi òkú Lopeyok búra."

"Ó dáa," ó wí. "A ti ń kó kúrò nìyẹn." Kò sì pa fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.