Ẹni Tí Mo Jẹ́rìí Sí

"Agbádá mi rèé!"

Akínbíyìí gbé ìwé ìpolongo tí ẹnì kan ti tì wọlé láti ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Fúnmilọ́lá, wo agbádá mi lọ́rùn ọkùnrin yìí! Èmi ni mo yá a fún un wọ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Láti èṣí kò dá a padà, ó tún wá ń fi ṣe fáàrí nínú ìwé."

Olúfúnmilọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, Ronan Tuohy, aṣojú àdúgbò wọn ní ilé aṣòfin, ló ń yọ eyín nínú agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run, níwájú pẹpẹ ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbádá ni ojú rẹ̀ ń wò. Obìnrin kan dúró ti ọkùnrin náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ọwọ́ ajagunṣẹ́gun. Òun fúnra rẹ̀ ni obìnrin náà. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọ̀rẹ́ gbogbo ẹ̀yà ni Tuohy.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ni ó wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tó dìbò ta kò wá, ó fi àwòrán mi polówó ara rẹ̀."

"Aṣeni-bánidárò ni àwọn olóṣèlú. Ti Nàìjíríà, ti Ireland, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ti ibí kàn máa ń sọ pé 'sorry' kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀ ni."

"Bàbá Péjú, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀."

"Bí mi ò bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ni kí n fi ṣe? Kí n sùn sórí àga bíi tìẹ, kí n máa ka igun àjà?"

Òtítọ́ ló sọ. Nígbà ìdìbò, Olúfúnmilọ́lá ló bá Tuohy kan ilẹ̀kùn kiri gbogbo àdúgbò Hartstown nínú òjò. Òun ló mú un wá síbi ìkórè ìjọ wọn, nínú ilé ìkẹ́rù tí wọ́n háyà lẹ́yìn Blanchardstown. Tuohy gba makirofóònù, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà ní ilé aṣòfin, kò sí òfin tí yóò ya ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn tó ti di ọmọ onílùú dìbò fún un, àwọn tí kò tíì dà á gbààwẹ̀ fún un. Nígbà tí òfin tuntun wá dé, tó fi ọdún méjì kún iye ọdún tí òṣìṣẹ́ àjèjì yóò dúró kó tó lè mú ọmọ rẹ̀ wá, Tuohy wà lára àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun Olúfúnmilọ́lá mọ́. Ó pa rédíò. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kò lọ sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú méjì. Bó bá sì kúnlẹ̀ láti gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́ ṣe kọ́ ọ, ẹjọ́ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

"Pásítọ̀ sì pè láàárọ̀," Akínbíyìí ní. "Tuohy tún fẹ́ wá síbi ìkórè lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí o fi í han ìjọ bíi ti èṣí."

"Èmi?"

"Ìwọ. Onílé ní òun ò fẹ́ ìjọ nínú ilé ìkẹ́rù òun mọ́. Pásítọ̀ ní bí Tuohy bá bá wa kọ lẹ́tà sí i, ó lè rọ̀ ọ́."

Kí ó tó fèsì, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Akínbíyìí lọ ṣí i. Ohùn tí ó wọlé jẹ́ ohùn tí Olúfúnmilọ́lá ti ń sá fún.

"Ẹ káàsán, sà. Mọ́mì wà ńlé?"

"Ṣeunfúnmi! Áà, ẹ̀yìn ìyàwó mi ṣì ń..."

"Ẹ jẹ́ kó wọlé," Olúfúnmilọ́lá ké láti yàrá ìgbàlejò.

Ọ̀dọ́bìnrin inú ìjọ wọn ni Ṣeunfúnmi, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọkùnrin rẹ̀, Gbólúwaga, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ ìkórè èṣí, Olúfúnmilọ́lá di ọwọ́ Ṣeunfúnmi mú, ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Ẹni tiwa ni Tuohy. Mo jẹ́rìí sí i." Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni Ṣeunfúnmi fi jáwọ́ nínú ìwé àtilọ sí Kánádà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a ṣe.

Ó wọlé, ó fi orúnkún kan kan ilẹ̀. Ìwé ìpolongo kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yìn yín ńkọ́, mà?"

"Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn mi. Jókòó."

Kò jókòó. "Mo mọ̀, mà. Mo wo ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ń ṣe ti àárọ̀, ẹ ti gbé tiyín sí ọ̀sán."

"Ṣeun, ọkùnrin yẹn tàn mí."

"Ó tàn yín, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Tuohy ló ní kí n dúró. Kò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni mo mọ̀." Ó gbé ìwé ìpolongo náà lé orí tábìlì. "Nígbà tí òfin yẹn jáde, mo ń wo fóònù. Mo ní Mọ́mì á pè, kódà kó jẹ́ pé wọ́n máa sunkún sí mi létí lásán ni. Gbólúwaga bi mí pé ìgbà wo ni òun ń bọ̀. Mi ò rí ẹnì kan bá sọ ọ́. Ẹ̀ ń sá fún mi."

Olúfúnmilọ́lá ti ń to ọ̀rọ̀ jọ fún Tuohy láti ọ̀sẹ̀ méjì: ọ̀dàlẹ̀, ẹlẹ́tàn, ẹni tó jẹ oúnjẹ wa tó pẹ̀yìn dà. Gbogbo rẹ̀ dojú kọ òun alára. Ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Ṣeunfúnmi, ẹni tó jẹ́ ọmọdé sí i.

"Yéè! Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má ṣe mí báyìí! Sà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Akínbíyìí kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó kọjú sí fèrèsé.

"Jẹ́ kí n kúnlẹ̀," Olúfúnmilọ́lá ní. "Mo ṣì ọ́ lọ́nà, ìtìjú mi sì jẹ mí lógún ju ẹkún rẹ lọ. Dárí jì mí."

Ṣeunfúnmi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn ń nu ojú.

Olúfúnmilọ́lá mú fóònù, ó pe Pásítọ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí Tuohy wá. A kì í ti ilé Ọlọ́run mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi í han ìjọ, ẹ má sì fún un ní makirofóònù. Mo jẹ́rìí rẹ̀ lójú gbogbo yín. Mo fẹ́ gba ẹ̀rí náà padà lójú gbogbo yín."

"Lójú tòun náà?"

"Lójú tòun náà, sà."

"Màmá Péjú, ilé ìjọsìn ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé a lè má rí lẹ́tà yẹn gbà mọ́."

"Mo mọ̀, sà. Yàrá tí mo wà yìí la ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ, àwa méje, lórí ilẹ̀. A tún lè jókòó sórí ilẹ̀."

Wọ́n gbọ́ tí Pásítọ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n gbọ́ tó ń ṣí ìwé.

"Ó dáa. Orúkọ ta ni kí n kọ sí ìgbà ẹ̀rí?"

"Olúfúnmilọ́lá."

Ṣeunfúnmi fa àga kan, ó jókòó tì í. Ó tẹ̀ síwájú sí fóònù.

"Ẹ kọ Ṣeunfúnmi mọ́ ọn, sà."