Káàdì Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Omi inú ife ló kọ́kọ́ kí Àrínpé. Ó ní, "Ẹ kú ọdún, ìyá." Àrínpé dáhùn pé ọdún á yabo, ó sì ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò yà á lẹ́nu pé omi ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú ni pé omi náà ti pọ́n, bẹ́ẹ̀ kò tí ì fọwọ́ kan ọ̀dà pupa láti àárọ̀.

Orí tábìlì oúnjẹ nílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ya káàdì ọdún, níbi tó ti máa ń yà á lọ́dọọdún. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kì í ra káàdì Kérésìmesì lọ́jà mọ́. Á gé ìwé tó nípọn, á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, á fi ọ̀dà olómi ya igi agbálùmọ̀ sí i, tàbí ewúrẹ́, tàbí Màríà tó gbé ọmọ pọ̀n, á wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú. Ọyẹ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ náà. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọ̀dà á gbẹ kó tó dé etí ìwé, ìwé á sì máa ká kò. Lọ́jọ́ yìí, ọyẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ní òun ò ní pẹ́.

Látúndé jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó fi ìka tẹ igun ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà ká. Ọkọ Àrínpé ni. Ó ti kú láti ọdún méje, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ń bá a ṣe nìyẹn nígbà ayé rẹ̀, kò sì rí ìdí tí yóò fi yí i padà. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Inú Àrínpé dùn débi pé kò fẹ́ wo ojú rẹ̀ púpọ̀, kó má lọ parẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Èékánná àtàǹpàkò tí ilẹ̀kùn há nígbà kan ṣì dúdú síbẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ geere. Bí káàdì kan bá ti gbẹ, tí orúkọ sì ti wọ inú rẹ̀, á dìde dúró, á ní ó dàbọ̀ o, á sì gba ojú fèrèsé lọ bá ẹni tó ni ín. Ti pásítọ̀ wọn ló kọ́kọ́ lọ. Ti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kàdúná, tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ tó yà sí i dúró lójú fèrèsé, ó jẹ díẹ̀ nínú kọ́tìnì. Àrínpé ní kò burú, ọ̀nà Kàdúná jìn.

Ó wá ku ẹyọ kan. Màríà ló wà lára rẹ̀, ó fi ọ̀já gbé ọmọ pọ̀n lábẹ́ igi agbálùmọ̀ tó so wọ̀ǹtìwọnti. Nínú gbogbo wọn, òun ló rẹwà jù. Àrínpé kọ "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́" sínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà dìde lórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rìn dé etí tábìlì, wọ́n bẹ́ sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó tún un kọ. Wọ́n tún bẹ́.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni eléyìí nígbà tí wọ́n gbé Àrínpé wọlé, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ìyàwó bá sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ń dirun fún un, ó ń fọṣọ rẹ̀, ó ń pè é ní ọkọ òun. Ọmọ náà dàgbà, ó sanra, ó lọ bí ọmọ mẹ́rin sí Ìbàdàn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ló ṣì ń jẹ́. Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín sí i, òun gan-an a sì máa rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ ìsìnkú Látúndé ni nǹkan bàjẹ́. Àbúrò ní agbádá ni kí wọ́n wọ̀ fún òkú, ìyàwó ní kóòtù tí olóògbé fi ń lọ kọ́ni nílé-ìwé ni. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ni Àrínpé bá pe orúkọ àbísọ àbúrò ọkọ rẹ̀, gbangba, lójú gbogbo agbo ilé. Èmi tí mò ń ròyìn yìí ò ní tún un pè, ẹ má bínú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì wá ṣọdún nílé mọ́. Lọ́dọọdún ni Àrínpé ń ya káàdì rẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń tì í sínú dúrọ́ọ̀ láìkọ nǹkan kan sí i.

"Orúkọ tí o sọ ọ́, o ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀," ni Látúndé wí. "Kò sí lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì."

"Níbo ló wá wà, Bàbá Ìbídùn?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Irun tí o ò parí ni àwọn lẹ́tà náà ń dúró dè."

Àrínpé dìde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì dání, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ rẹ̀ láyé àtijọ́ ló bọ́ sí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí àpótí, ó kẹ̀yìn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n léèsì dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, apá kejì wà ní títú. Àwọn lẹ́tà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ló kó jọ sórí itan.

"Ẹ pẹ́," ni ọmọ náà wí. "Ọrùn ti ń dùn mí."

Àrínpé kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo pe ohun tí kò yẹ kí n pè."

Ọmọ náà ò wẹ̀yìn.

"Ẹ pe tèmi náà. Àrínpé ni. Ẹ pè é kí gbogbo ilé gbọ́, ká lè di ọgbọọgba."

Fèrèsé ilé ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé yọrí, wọ́n ń retí. Ẹ̀rù ba Àrínpé nígbà náà. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá pè é, wọ́n á di ọgbọọgba lóòótọ́, wọ́n á sì di àjèjì síra wọn.

"Àrín..." ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó tún un tọ́ wò lẹ́nu, ó mirí. Ẹ̀rín tó wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín abiyamọ tó sanra ni. "Kò wọ̀ mí lẹ́nu," ó wí. "Ìyàwó wa ni mo mọ̀. Ìyàwó wa, ẹ dirun jàre, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Àrínpé sunkún, kò fi pa mọ́. "Mo ti ń dì í, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi," ó wí, orúkọ náà sì dúró sẹ́nu rẹ̀ dáadáa.

Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì la irun náà. Ọmọ ń na lẹ́tà sí i lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń dì wọ́n mọ́ irun. Bó ṣe ń dì í ni irun ń gùn. Ó gba abẹ́ ọgbà jáde sí títì, Àrínpé ń fi eékún tẹ̀ lé e, kò sì dùn ún. Àwọn awakọ̀ ń rọra yà fún un. Ní Ọ̀yọ́, obìnrin kan bi í pé irun ta nìyí. Ó ní irun ọkọ òun ni. Ó dì í dé Mọ́níyà, ó dì í wọ Ìbàdàn, ó ń gbọ́ ariwo ọmọ mẹ́rin tó ń du ẹran díndín. Ó ku bí ìka mẹ́ta kó dé ẹnu ọ̀nà ló jí.

Oòrùn ti wọlé. Inú bí i gan-an pé òun jí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣì di irun tí kò sí níbẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí Ìbàdàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.